Idẹ Ogun Tó Di Ogún: Bí A Ṣe Ń Kó Mẹ́dàlì Bàbá Àgbà Jọ

Láàárọ̀ Sátidé, ní àdúgbò bí Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkòtún tàbí Ìgàndó, ẹ óò gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kọjá, tó ń ké pé òun ń ra kọ́ńdẹ́mù: irin, bátìrì tó ti kú, ìkòkò tó ti lu, ẹnu ẹ̀rọ omi tí wọ́n fi idẹ ṣe. Òṣùwọ̀n ló fi ń rà á. Bí ìyá ilé bá ń palẹ̀ yàrá bàbá tó ti dolóògbé mọ́ lọ́jọ́ náà, tó sì rí páálí kékeré kan tí irin mẹ́rin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ríbọ́ọ̀nù tó ti ṣá, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé kó má jù ú sínú ọmọlanke. Bí mẹ́dàlì ogun Bọ́má ṣe ń bá ẹnu ẹ̀rọ omi lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin nìyẹn.

Àlàyé yìí wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí tirẹ̀ bá wọn lọ, àti fún ọmọ-ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ nítorí pé ó fẹ́ mọ ìrìn tí bàbá àgbà rẹ̀ rìn. Wọ́n mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa láàárín àwọn ará Serbia tó fọ́n káàkiri ayé. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ogun tó fẹsẹ̀ la òkè Albania já nínú òtútù ìparí ọdún 1915, tó bá rí mẹ́dàlì tí wọ́n fi ṣe ìrántí ìrìn náà nínú ẹrù ilé, pálọ̀ ló máa gbé e kọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn àti àwa. Ìjọba tiwọn ló fún wọn, lórí ogun tiwọn. Tiwa, ọba òkèèrè ló fún wa, lórí ogun tí a kò dá sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó tiwa jọ ní láti béèrè ọ̀rọ̀ ju ti ará Serbia lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ogun wo? Orúkọ ọ̀tá ni àwọn àgbà wa fi ń pe ogun òyìnbó. Ogun Káísà ni ti 1914 sí 1918, ogun Hítílà ni ti 1939 sí 1945. Èyí tó kó mẹ́dàlì wọ ilé Yorùbá jù lọ ni ogun Hítílà. Àwọn òpìtàn a máa sọ pé bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Gẹ̀ẹ́sì kó sọdá òkun lọ bá àwọn Jàpáànì jà ní Bọ́má, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Dífísọ̀n méjì ni wọ́n pín wọn sí. Àmì apá aṣọ Dífísọ̀n 81 ni aláǹtakùn dúdú. Anansi ni, ẹni tó jẹ́ fún àwọn Àṣáńtì bí Ìjàpá ṣe jẹ́ fún wa. Wọ́n rán an mọ́ apá aṣọ kí orí rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kó lè dà bíi pé iwájú ló ń sáré lọ nígbà tí ṣọ́jà bá na ìbọn. Ti Dífísọ̀n 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká gan-an ni mo wí, irú èyí tí alárù ọjà Ìkòtún ń gbé sórí, torí pé níbi tí ọkọ̀ kò lè dé nínú igbó Bọ́má, orí ni wọ́n fi ru oúnjẹ àti ọta. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àmì aṣọ méjèèjì yìí nínú àpótí, ẹ má fi nu tábìlì. Ó ṣọ̀wọ́n ju mẹ́dàlì lọ, nítorí aṣọ tètè ń gbó, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ti ń pe orúkọ ojú ogun náà láti kékeré láì mọ̀. Dodan tó wà lára orúkọ bárékè Ìkòyí, Arakan ti Apápá, Letmauk ti Ìbàdàn, Dalet ti Kàdúná, Bọ́má ni gbogbo wọn ti wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú páálí náà. Irin mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀ fún ẹni tó dé Bọ́má. Ìràwọ̀ ni méjì nínú wọn, ẹnu mẹ́fà mẹ́fà, àwọ̀ idẹ. Adé wà láàárín ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà GRI àti VI, èyí tó dúró fún Ọba George Kẹfà, orúkọ ìràwọ̀ sì wà lára òrùka tó yí lẹ́tà náà ká. Ríbọ́ọ̀nù ló máa ń jẹ́ ká tètè dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Ìlà mẹ́ta tó dọ́gba ni ti 1939–45 Star: àwọ̀ aró fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, pupa fún ti orí ilẹ̀, búlúù tó mọ́ fún ti òfuurufú. Burma Star ní pupa gbòòrò láàárín, àwọ̀ aró lọ́tùn-ún lósì, ìlà tín-ín-rín olómi-ọsàn sì gba àárín aró kọ̀ọ̀kan kọjá. Oòrùn ni olómi-ọsàn náà dúró fún. Irin méjì yòókù rí roboto, wọ́n sì funfun bíi ṣílè àtijọ́. Kì í ṣe fàdákà, bí alágbẹ̀dẹ wúrà bá sọ fún yín pé fàdákà ni. Ọ̀kan ni Defence Medal, tí orí ọba wà lára rẹ̀ láìdé adé, tí kìnnìún méjì sì dúró ti igi kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ní olómi-ọsàn láàárín, àwọ̀ ewé létí, àti ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́. Ìkejì ni War Medal, tí ọba dé adé níwájú rẹ̀, tí kìnnìún sì gun ẹ̀yìn dírágónì olórí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 28 péré nínú iṣẹ́ ológun ti yẹ fún War Medal, nítorí náà ẹni tó ní òun nìkan lè má fi Nàìjíríà sílẹ̀ rí.

Bí ìràwọ̀ kẹta bá wà níbẹ̀ tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ dà bí iyanrìn, tí pupa wà láàárín, tí búlúù dúdú àti búlúù mímọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Africa Star nìyẹn. Ó fẹ́ jẹ́ pé bàbá yín wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá àwọn Ítálì jà ní Sòmálíà àti Etiópíà, tí wọ́n wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941, kó tó tún wọkọ̀ ojú omi lọ sí Bọ́má. Ẹni tó ní ìràwọ̀ méjèèjì ti rìn ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ẹ tún wo ríbọ́ọ̀nù War Medal fínnífínní: bí ewé igi kékeré kan tí wọ́n fi idẹ ṣe bá wà lára rẹ̀, ọ̀gá ogun ti dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó fi ròyìn ogun ránṣẹ́ sí ìjọba. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí ewé yẹn gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò kọ orúkọ sára mẹ́dàlì ogun Hítílà. Ti ogun Káísà, wọ́n tẹ nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ ṣọ́jà sí etí rẹ̀, ẹ lè kà á bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Íńdíà, Australia àti South Africa kọ orúkọ sára ti ogun Hítílà tí wọ́n fún àwọn èèyàn tiwọn. Àmọ́ èyí tí wọ́n fún àwọn bàbá wa, etí rẹ̀ dán, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ti akin nìkan, bíi Military Medal, ló ní orúkọ lára. Nítorí náà, Burma Star tó wà nílé yín àti èyí tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò ní London, ìbejì ni wọ́n. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ sínú igbá kan, ẹ kò lè yọ tiyín mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ. Irin lè tẹ̀lé e.

Ìwé wo? Ìwé ìtúsílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, èyí tí àwọn bàbá ń pè ní díṣáájì, ni olórí. Nọ́ńbà ṣọ́jà wà nínú rẹ̀. Ti ọmọ Nàìjíríà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́, nítorí àwọn akọ̀wé òyìnbó ba orúkọ wa jẹ́ kọjá sísọ. Bí ó bá ṣe dún létí wọn ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá nígbà mìíràn, débi pé ẹni tó ń jẹ́ Àdìó lè di Ojo Ibadan nínú ìwé. Lẹ́yìn ìwé díṣáájì, ìwé owó oṣù, lẹ́tà, àti fọ́tò. Ẹ má wo ojú nìkan nínú fọ́tò. Ẹ wo fìlà, bóyá àmì igi ọ̀pẹ tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà níwájú rẹ̀, kí ẹ wo èjìká bóyá aláǹtakùn ni tàbí òṣùká, kí ẹ sì yí fọ́tò padà, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọjọ́ sí.

Ẹnu àgbà ni ìwé kejì. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá yẹn kò sọ̀rọ̀ ogun fún ọmọ, ṣùgbọ́n ìyàwó gbọ́, àbúrò gbọ́. Ẹ má béèrè pé “kí ló ṣẹlẹ̀ lójú ogun?” Ìbéèrè náà ti tóbi jù. Ẹ bi ìyá àgbà pé oúnjẹ wo ni bàbá kì í jẹ látìgbà tó ti dé, ta ni ọ̀rẹ́ tó máa ń wá kí i láti ìlú mìíràn, àpá wo ló wà lára rẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wà nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè ya yín lẹ́nu. Ẹ wo ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emúrẹ̀-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tó wọṣẹ́ ológun lọ́mọ ọdún 16 ní 1942. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ ló wà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn Jàpáànì ká wọn mọ́ ní àfonífojì Kaladan, ọta sì bà á lẹ́sẹ̀. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan ní abúlé tó wà níbẹ̀ ló fi wọ́n pa mọ́ tó sì bọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà dé. Fadoyebo fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn náà sílẹ̀ kó tó kú ní 2012. Ká ní kò kọ ọ́ ni, Burma Star rẹ̀ ì bá dà bíi ti ẹlòmíràn gẹ́lẹ́.

Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà àti orúkọ, ẹ lè máa wá a kiri. Bí ṣọ́jà náà bá kú lẹ́nu ogun, àjọ tó ń bójú tó ibojì àwọn ológun Commonwealth ní àkójọ orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ bíi 27,000 èèyàn tí a kò mọ ibojì wọn, títí kan àwọn ará ilé wa, ló wà lára òpó ìrántí kan ní Taukkyan, nítòsí Yangon. Bí ẹ kò bá rí orúkọ, ẹ má pinnu pé irọ́ ni ìdílé ń pa. Ní oṣù kẹrin 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọn kò ṣe ìrántí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tó kú nínú ogun Káísà bí wọ́n ṣe ṣe ti àwọn òyìnbó. Fún mẹ́dàlì akin, ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, London Gazette, ni wọ́n ń kéde rẹ̀ sí, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi ìkówèé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn tún ní fáìlì àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà náà. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú sùúrù dání.

Mẹ́dàlì kan wà tí inú mi kì í dùn tí mo bá rí i, síbẹ̀ òun ni mo rò pé ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ jù. Ní 1892, Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Wọ́n fún àwọn ológun tó jà lápá tiwọn ní mẹ́dàlì tí wọ́n ń pè ní East and West Africa Medal, pẹ̀lú ọ̀pá fàdákà kékeré lórí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ “1892” sí. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí, wọ́n tú ojú irin rélùwéè, àwa ń pè é ní ogun Adubi. Àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Káísà ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba rán lọ bá wọn. Africa General Service Medal ni wọ́n gbà lórí rẹ̀, ọ̀pá tirẹ̀ ní “Nigeria 1918” lára. Nínú àdúgbò bí Alímọ̀ṣọ́, tí Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Àwórì, Ìbàdàn, Haúsá àti Ìgbò ti jọ ń gbé lójú kan, ó ṣeé ṣe kí mẹ́dàlì tó wà nílé onílé jẹ́ èyí tí wọ́n fún bàbá rẹ̀ nítorí pé ó yìnbọn lu bàbá ayálégbé. Mi ò sọ pé kí ẹ jù ú nù. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ má rò pé gbogbo ohun tó ń dán láyà bàbá òun ló dáa.

Ohun kan náà ni ti ogun abẹ́lé wa, 1967 sí 1970. Owó Biafra, sítáǹpù, àmì aṣọ, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn aládùúgbò wa, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun sì wà ní Umuahia fún ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ wé. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ra irú nǹkan wọ̀nyí, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè bó ṣe rí i. Bí kò bá lè sọ, ẹ má rà á.

Àdàmọ̀dì pọ̀. Ojúlówó ìràwọ̀, ẹ̀rọ ló fi agbára tẹ̀ ẹ́. Etí rẹ̀ mú, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣinṣin. Èyí tí wọ́n yọ́ dà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ a máa ní ihò wínníwínní bí awọ tí èèyi bá jà, lẹ́tà GRI rẹ̀ á sì dà bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù tuntun tó ń tàn yòò kì í ṣe ẹ̀rí pé irin rẹ̀ jẹ́ àdàmọ̀dì, torí ríbọ́ọ̀nù ń já, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì kó Burma Star àti Pacific Star pọ̀ wá, tó ní ẹnì kan ṣoṣo ló gbà wọ́n, òfin ìgbà náà kò gba kí èèyàn kan gba méjèèjì. Ẹ kí i kú iṣẹ́ kí ẹ máa lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, ìfọwọ́kàn àpọ̀jù ló ń bà á jẹ́. Ẹ má fi Brásò nù ún. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, bó ti wù kí ó wù yín kó dán. Ìgbàkígbà tí ẹ bá nù ún, díẹ̀ lára ojú ọba ló ń bá àkísà lọ. Àwọ̀ dúdú tó bò ó yẹn ń dáàbò bò ó ni. Aṣọ funfun gbígbẹ ti tó láti gba eruku kúrò. Ẹ má kó wọn sínú ọ̀rá nylon, ooru Èkó á mú kó làágùn nínú rẹ̀, ìpata aláwọ̀ ewé á sì bẹ̀rẹ̀. Bébà funfun tí kò ní ìtẹ̀wé lára, páálí, àti àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ìyẹn ti tó. Ẹ gbé e jìnnà sílẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí omi òjò ń wọlé tọ̀ wá. Kí ẹ sì ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà níbòmíràn.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ìkójọ rárá: ọta ìbọn, bọ́ǹbù ọwọ́, ohunkóhun tó lè bú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, ibi ìkó-ohun-ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà bú gbàù, àwọn tó ń sá lóru sì wọ inú odò ẹlẹ́rẹ̀ Òkè-Afá, tí kò jìnnà sí Ìkòtún. Ó lé ní 1,000 èèyàn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Bí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú àpótí bàbá, tàbí tí wọ́n bá hú u nígbà tí ẹ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ má gbé e lọ fún wẹ́dà, ẹ má jẹ́ kí kọ́ńdẹ́mù rà á. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ pe ọlọ́pàá.

Ó ku ẹni tó máa mú un dání. Èyí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Nínú àṣà wa, bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ìdí-igi ni a fi ń pín ogún, ìyẹn ni pé orí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni a gbé e lé. Ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó ga jù ní London gbà bẹ́ẹ̀ ní 1962 nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Ìdí-igi dára fún ilé àti ilẹ̀. Fún mẹ́dàlì, àṣìṣe gbáà ni. Mẹ́rin ni wọ́n, ìyàwó mẹ́rin ni bàbá ní, ẹ óò rí i pé ó yá ẹbí lára láti fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Ẹ má ṣe é. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ jẹ́ gbólóhùn kan ni. Bí ẹ bá pín wọn, Defence Medal kan ṣoṣo nínú dúrọ́ọ̀ ní Àyọ̀bọ́ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé bàbá yín dé Bọ́má. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ síbì kan lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìtọ́jú jù, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, dáwódù ni o tàbí àbíkẹ́yìn, kí ẹ kọ ìwé tí gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí pé ti ẹbí ni, kò ṣeé tà.

Bí ọjọ́ ìrántí àwọn akọni ológun bá wá dé ní 15 oṣù kìíní, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ lè fi wọ́n sáyà jáde. Ìlànà wà fún un ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Commonwealth, àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì sì mọ̀ ọ́n, wọn á bi yín bí ẹ bá ṣì í ṣe: ẹni tó ja ogun ń fi tirẹ̀ sí òsì, ẹni tó jogún rẹ̀ ń fi í sí ọ̀tún.